Ọkọ̀ Akẹ́rù Díísù tí Kì í Tètè Dáhùn ní Òwúrọ̀, àti Bí A Ṣe Lè Mọ Ohun tí Ó Ń Ṣe É

Kò sí àgbẹ̀ kan láti Kábbà dé Ẹ̀gbẹ̀ tí kò mọ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Òun ni ó ń kó iṣu láti oko wá sí ọjà, òun ni ó ń kó káṣú àti kọfí, òun náà ni a sì ń gbé aboyún sí ní òru nígbà tí ìrọbí bá mú un ní abúlé tí kò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti pẹ́ láyé: Hilux tí ó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lò kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín nísinsìnyí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí òtútù sì bo orí àwọn òkè wa ní ìdájí, olúwarẹ̀ a yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ a kérora, kò sì ní dáhùn. Àwọn obìnrin tí ó ti di ẹrù wọn láti àná a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọn a máa wo oòrùn tí ń gòkè.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn èyí ni pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́. Pọ́ǹpù sì ni ohun tí ó wọ́n jù lọ nínú gbogbo ohun tí ń gbé díísù lọ sí ẹ́ńjìnì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí hàn bí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ṣe lè fi ojú, etí àti imú ara rẹ̀ mọ ibi tí àrùn náà wà, kí ó tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kí a tó mọ àrùn, ó yẹ kí a mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó wà ní àlàáfíà. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní ìlú Paris ní ọdún 1858, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnì yìí, èyí àkọ́kọ́ tí ó sì ṣiṣẹ́ dáradára jáde ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Níbi àfihàn ńlá tí a ṣe ní Paris ní ọdún 1900, a fi òróró ẹ̀pà wa irú ẹ́ńjìnì náà kan, ó sì ṣiṣẹ́. Èyí yóò dùn mọ́ àgbẹ̀ ẹ̀pà nínú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí rẹ̀ da òróró sínú táǹkì rẹ̀ o, nítorí pé òróró ki ju díísù lọ, a sì máa dí ẹnu nósù bí ó bá pẹ́.

Ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù ní pulọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti díísù kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà sínú, pístìnì a sì tẹ afẹ́fẹ́ náà títí àyè tí ó wà yóò fi kéré tó ìdá kan nínú 20 ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù a máa gbóná mọ́ni lọ́wọ́: ohun kan náà ni. Afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ bẹ́ẹ̀ a gbóná kọjá 500 lórí ìwọ̀n Celsius. Nósù a wá tú díísù sínú rẹ̀ bí ìkùukùu, iná a sì ràn fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́, hítà kan wà nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan tí a fi ń mú ibẹ̀ gbóná nígbà òtútù. Bí ẹ́ńjìnì kò bá yí kíákíá tó, bí ooru kò bá tó, tàbí bí díísù kò bá dé, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ó ti wá ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan jókòó ní ipò awakọ̀ kí ó yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ dúró lẹ́yìn, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó sì máa wo ẹnu páìpù èéfín. Ìṣẹ́jú kan péré níbẹ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́wàá lọ.

Bí ohùn sitátà bá falẹ̀, ẹ má tíì fi ọwọ́ kan ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ díísù. Ẹ́ńjìnì tí ó yí jẹ́jẹ́ a jẹ́ kí ooru afẹ́fẹ́ náà wọ ara irin lọ kí díísù tó dé bá a. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́: bí iná náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bátìrì ni tàbí ẹnu wáyà rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ohun funfun tí ó hù sí orí bátìrì, ẹ gbá ẹnu wáyà mọ́, kí ẹ sì wo wáyà ilẹ̀ tí ó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀ bí kò bá ti jẹrà. Bátìrì tí ó kún dáradára a máa fi fóòtì 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí ọkọ̀ sinmi. Bí ó bá rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 9.6 nígbà tí a ń yí kọ́kọ́rọ́, kò lágbára tó fún díísù, ì báà tilẹ̀ tó fún pẹtiróòlù.

Bí sitátà bá ń yí dáradára, tí èéfín funfun sì ń jáde lẹ́yìn, tí ó ń rùn bí díísù tútù, ẹ yọ̀ díẹ̀: pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Díísù ń dé, kò kàn rí ooru tí yóò fi jó ni. Hítà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ń dáhùn wẹ́rẹ́ ní ọ̀sán tí ó sì ń kọ̀ ní ìdájí nìkan. Ẹ tú irin pẹlẹbẹ tí ó so àwọn hítà náà pọ̀. Ẹ fi wáyà so gílóòbù kékeré kan mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀, kí ẹ fi wáyà kejì gílóòbù náà kan orí hítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Hítà tí ó bá jẹ́ kí gílóòbù tàn ṣì wà láàyè. Èyí tí kò bá jẹ́ kí ó tàn ti kú. Bí gbogbo wọn bá wà láàyè, kí rẹwáyà wò ó bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ẹ bá sì lọ ra tuntun, ẹ ka ohun tí a kọ sí ara èyí àtijọ́, nítorí pé hítà kan wà tí kì í ṣe ti fóòtì 12 bí kò ṣe ti 6, bí a bá sì so ó tààrà mọ́ bátìrì yóò jóná lójú ẹsẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kìlọ̀ gidigidi. Àwọn kan a máa fín oògùn alágolo tí a fi ń jí ẹ́ńjìnì sí ẹnu ibi tí ó ti ń mí, àwọn mìíràn a sì fi àkísà tí a rì bọ pẹtiróòlù síbẹ̀. Bí hítà bá ti pọ́n nínú, oògùn náà yóò bú gbàù kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ó lè fọ́ pístìnì, ó sì lè jó ẹni tí ó tẹrí ba síbẹ̀ lójú.

Èéfín dúdú kì í pẹ́ yé ni: díísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Eruku ọyẹ́ ti dí fílítà afẹ́fẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíákíá tí èéfín kankan kò sì jáde, díísù kò dé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná ti ń tàn láìjẹ́ kí sitátà yí, kí ẹ sì gbọ́ bí ohun kékeré kan yóò bá dún “kọ̀” lára pọ́ǹpù. Òun ni ó ń ṣí ọ̀nà fún díísù. Bí kò bá dún, ẹ wo wáyà tí ó wọ inú rẹ̀. Wáyà náà a máa já tàbí kí ó tú.

Bí ó bá dún, afẹ́fẹ́ ni olè tí ó yẹ kí a ṣọ́. Táǹkì wà lẹ́yìn ní ìsàlẹ̀, pọ́ǹpù wà níwájú lókè. Bí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà lára rọ́bà kan, díísù lè má kán sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yóò máa wọlé ní òru, díísù yóò sì máa sá padà sínú táǹkì. Ní òwúrọ̀ sitátà yóò yí títí bátìrì yóò fi rẹ̀ kí díísù tó tún gòkè wá. Ní ọ̀sán kò ní sí wàhálà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bátìrì àti sitátà a máa kú nítorí rọ́bà, a ó sì máa dá wọn lẹ́bi.

Àwa tí ń gbé láàárín òkè ní ọ̀nà ìdánwò tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí imú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ fi òkúta di táyà, kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Táǹkì yóò ga ju pọ́ǹpù lọ, díísù kò sì ní lè sá padà. Ní alẹ́ kejì, ẹ yí i kí imú rẹ̀ kọjú sí òkè. Bí ó bá dáhùn wẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sì kọ̀ ní ti èkejì, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹlẹ́rìí kejì ni ohun tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lórí fílítà díísù: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní ogún ìgbà ní ìdájí títí ó fi le, tí ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ ni.

Aládùúgbò mi kan tí ń kó iṣu lọ sí Lọ́kọ́ja gba ọ̀nà Ọbájánà ta àpò káṣú mẹ́fà láti ra pọ́ǹpù àlòkù. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a so ó, ó wá bá mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wò ó, bákan náà ni ó ṣe ń ṣe.” A gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní alẹ́ méjì. Rọ́bà kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, láàárín nósù kejì àti ìkẹta, èyí tí àṣẹ́kù díísù ń gbà padà, ni oòrùn àti ọjọ́ orí ti là. A pààrọ̀ gbogbo wọn, a ti afẹ́fẹ́ jáde, ọkọ̀ náà sì dáhùn. Owó káṣú kò padà.

Ẹ má sì gbàgbé omi. Ẹ tú ìdérí ìsàlẹ̀ fílítà, ẹ gbe ohun tí ó bá jáde sínú ìgò funfun, kí ó sinmi. Omi yóò wà nísàlẹ̀, díísù yóò sì léfòó. Díísù tí a fi epo òyìnbó là burú ju omi lọ, nítorí kò ní sinmi sí ìsàlẹ̀ kí ẹ lè rí i: díísù fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ara rẹ̀ yí irin inú pọ́ǹpù lórí, epo òyìnbó kò sì ní ọ̀rá tó.

Pọ́ǹpù tí ó ti jẹ nítòótọ́ ní àmì tirẹ̀, àmì náà sì yí padà sí ti àwọn ìyókù: òwúrọ̀ kọ́ ni ó ń kọ̀, bí kò ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Awakọ̀ dúró ní Mọ́pà láti gbé èrò, ó pa ọkọ̀, kò sì dáhùn mọ́ àfi lẹ́yìn wákàtí kan. Díísù gbígbóná ṣàn jù, ó sì ń gba àlàfo inú pọ́ǹpù sá lọ. Ẹ fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù bo pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọkọ̀ bá wá dáhùn, nígbà náà ni kí ẹ tó gbà pé pọ́ǹpù ni.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ẹ́ńjìnì tí ríìngì rẹ̀ ti jẹ, tí kò lè tẹ afẹ́fẹ́ mọ́. Ó ń mu ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ ń ṣe bí àwọ̀ aró, bí a bá sì ṣí ìdérí ibi tí a ń gbà da ọ́ìlì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, èémí a máa tú jáde fùkẹ̀fùkẹ̀. Kò sí hítà tàbí rọ́bà tí yóò wo èyí sàn. Kí mẹkáníìkì fi mítà wọn sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tí ó dára a máa kọjá 400 lórí ìwọ̀n psi, èyí tí ó bá sì rẹlẹ̀ ju 300 lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Bí ó bá di pé a ó ra ẹ́ńjìnì àlòkù, kí olúwarẹ̀ rí i pé a fi mítà kan náà wọn èyí tí a fẹ́ tà fún un ní ojú ara rẹ̀, kí a tó gbé e sórí ọkọ̀.