Ẹrù Ló Kún Yàrá, Kì Í Ṣe Ọmọ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àjàní, ọmọ àbúrò mi,

Inú mi dùn pé oyún ìyàwó rẹ ti wọ oṣù kẹjọ láìsí wàhálà.

Mo gbọ́ ohun tó o sọ lórí fóònù. O ní yàrá kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń gbé ní Mushin kò lè gba ọmọ, o sì fẹ́ yáwó láti gba ilé oníyàrá méjì kí ìyàwó tó bímọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kó o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Má yáwó. Owó ilé, owó ajẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó káṣọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Gbèsè yẹn lo máa máa san lásìkò tí ọmọ nílò oògùn, tí ìyá ọmọ nílò ẹja lọ́bẹ̀. Ọmọ tuntun kì í sì í gba ilẹ̀: bíi kílò 3 ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀n, gígùn wọn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Ẹrù àwa àgbà ló ń kún yàrá.

Wọ́n máa ń ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ wọn ò sọ pé ó gba ogún ọ̀rẹ́ pẹ̀lú fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ yín, ojú mi rí nǹkan: tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tẹ́ ẹ da aṣọ bò bí ẹni bo òkú, àpótí ọ̀rẹ́ rẹ tó ti lọ sí Dubai, àga tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí nítorí aṣọ tó wà lórí rẹ̀. Kó wọn jáde. Èyí tó ṣeé tà, tà á. Èyí tó ṣeé fi tọrẹ, fi tọrẹ. Ti ọ̀rẹ́ rẹ, gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, kí abẹ́ rẹ̀ lè gba báàgì aṣọ àti bàfù ọmọ. Kan pákó mọ́ ògiri lókè ilẹ̀kùn fún ẹrù tó fúyẹ́, àmọ́ má gbé nǹkan kan sókè ibi tí ọmọ máa sùn.

Níbo ni ọmọ máa sùn? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe láàárín èèyàn méjì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí apá òun bọ́ sórí ọmọ. Má sì wulẹ̀ ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ onígi tó máa jẹ ìdajì ilẹ̀. Láti ọdún 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn aboyún ní páálí tó kún fún aṣọ ọmọ. Àwọn tí kò rí ọwọ́ họrí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kó aṣọ tán, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń sùn sínú páálí yẹn gan-an. Apẹ̀rẹ̀ tó fẹ̀, tó jókòó dáadáa, tó tìrẹ náà. Ẹ tẹ́ nǹkan tó le díẹ̀ sí i, ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, kó dojú kọ òkè. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí bèbí onírun, kò sí bùláńkẹ́ẹ̀tì nítòsí imú rẹ̀. Ẹ so àwọ̀n mọ́ òkè kó má baà já lé e lójú, torí ẹ̀fọn Mushin kì í wo ọjọ́ orí.

Ohun tó ń já mi láyà ju àyè ilẹ̀ lọ ni atẹ́gùn. Ẹ ò gbọdọ̀ dáná sítóòfù nínú yàrá mọ́, ì báà ṣe láti se omi lásán. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé, bá àwọn ará ilé sọ ọ́ kí wọ́n gbé e jìnnà: afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí imú kì í gbọ́, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Kánfọ̀ ló kàn, bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ nítorí aáyán. Mo ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí pẹ́ tó láti dá òórùn rẹ̀ mọ̀ lára ṣọ́ọ̀lù. Wọ́n á gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́rin wọlé, mi ò ní tíì tú ṣọ́ọ̀lù tán tí òórùn náà á ti ta sí mi nímú. Tí mo bá fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ, tí mo gbé ìka kúrò, ojú ibẹ̀ á yọ àwọ̀ ìyeyè, ẹyin ojú rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà tí dókítà ń pè ní G6PD tó, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Kánfọ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn, ibà pọ́njú á dé, tí kò bá sì tètè rí ìtọ́jú, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Aṣọ ọmọ tí wọ́n bá fún yín, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Èyí tó bá ti bá kánfọ̀ gbé, ẹ má wọ̀ ọ́ fún un rárá.

Ìyá ìyàwó rẹ ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Níbo lòun máa sùn? Mo fura pé ọ̀rọ̀ yìí lò ń yẹ̀ sílẹ̀ tó o fi ń pariwo ilé tuntun. Orí bẹ́ẹ̀dì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ. Ìwọ ni wàá ká ẹní. Bí ọ̀rẹ́ kan bá nílé nítòsí, máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, kó o máa padà wá ní ìdájí láti pọnmi kó o tó gba ibiṣẹ́ lọ. Bí kò bá sí, tẹ́ ẹní rẹ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Obìnrin tí ọmọ ń jí lóru ní wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta láti mu ọmú kò lè tún máa bá ọkùnrin du bẹ́ẹ̀dì. Má jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹni tó bí ìyàwó fún ọ ń sùn lórí àga.

Ní ti ìkómọ, ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, lábẹ́ kánópì, kí èrò má wọ́ wọ yàrá. Ẹni tó bá bi yín pé kí lòun máa mú wá, ẹ má tijú: ẹ ní ọṣẹ, pámpásì tàbí owó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàfù á fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín jáde. Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sì tó pé, lọ kí àwọn ará ojúlé yòókù, kẹ́ ẹ jọ ṣètò okùn ìsáṣọ àti àsìkò balùwẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í bínú sí igbe ọmọ lóru bí ẹni tí wọn ò sọ fún.

Láti bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ìgbà yẹn ni yàrá máa há lóòótọ́, torí kò sóhun tó wà nílẹ̀ tí kò ní fi sẹ́nu. Nítorí náà, iye tó ò bá fi máa san gbèsè lóṣooṣù, máa fi dá àjọ láti oṣù yìí. Tí àjọ bá kàn ọ́, owó ara rẹ lo máa fi gbalé, èmi náà á sì fi díẹ̀ tì ọ́ lẹ́yìn.

Bá mi kí ìyàwó mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin.