Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Tún Rédíò Onífáàfù Àtijọ́ Ṣe

Ètò iṣẹ́ ni kí olùdánwò mú ní pàtàkì nínú irú àròkọ yìí. Ìtàn kọ́ ni wọ́n ní kí o sọ. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni kí o kọ́kọ́ kọ. Bí o bá gbé e yípo, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àlàyé rẹ lè fara pa. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò, nítorí pé kì í gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ń gbèsì, èyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rédíò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. ZD2 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè wọn ní Nàìjíríà kí a tó gba òmìnira ní 1960. 5N ni ó dà lẹ́yìn náà. Fáàfù, ohun tí ó dà bí gílóòbù kékeré, ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ti àtijọ́.

Bí o bá rí ọ̀kan lókè àjà ní Ayétẹ̀, tí èéfín ààrò àti eruku ọyẹ́ ti bò ó, má ṣe sáré ki okùn rẹ̀ bọ iná. Kapásítọ̀ onípépà inú rẹ̀ yóò ti bàjẹ́, ó sì lè jó tiransifọ́mà, èyí tí ó ṣòro láti rí rà. Bí o tilẹ̀ ti yọ okùn, iná ṣì lè lúgọ sínú kapásítọ̀ ńlá. Ti apá tí ń rán ọ̀rọ̀ jáde lè ju 600 fóòtì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti inú ilé wa kò ju nǹkan bí 230 lọ. Ki ọwọ́ kan bọ àpò. Fi wáyà olórí rọ́bà, tí a so mọ́ resistor, fa iná náà sí ara irin ìdí ẹ̀rọ, kí o sì fi mítà wò ó pé ó ti tán.

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí o fi gbá eruku. Bí o ti ń yọ fáàfù kọ̀ọ̀kan, kọ àyè rẹ̀ sílẹ̀. Má ṣe nu nọ́ńbà ara rẹ̀. Yóò pa rẹ́, ta ni yóò sì wá sọ èwo ni èwo? Wo inú rẹ̀ lókè: àwọ̀ fàdákà dára, bí ó bá funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ó ti kú nìyẹn. Fi sípíríìtì nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ onípépà. Kí o tó tan ẹ̀rọ, so gílóòbù 60 wáàtì sí ojú ọ̀nà iná rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá mọ́lẹ̀ tí ó sì rọlẹ̀, ó dára; bí ó bá ń tàn kedere láìrọlẹ̀, pa á kíákíá, iná ti para pọ̀ níbì kan.

Bí ohùn bá ti ń jáde, gbọ́ lásán ni. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ àjọ NCC kò gbọdọ̀ fi sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sì gbà á kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀ láìso ẹ́ríàlì, nítorí fáàfù tí ń gbé agbára jáde lè jó.