Kí Ló Ń Kó Ohùn Àbùùbùtán Jọ Sójú Kan?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ wa ní Bassila sọ pé àwọn àbùùbùtán kan ń fi ohùn wá oúnjẹ nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun: wọ́n á ké, wọ́n á sì gbọ́ bó ṣe padà wá. Bí èmi bá pariwo ní Manigri níbí, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́, tiwájú tẹ̀yìn. Báwo ni tiwọn ṣe ń lọ tààrà síbi tí wọ́n kọjú sí? Ṣé bí òòbẹ̀ inú àjà ilé wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Manigri

ÌDÁHÙN: O ṣeun, ọmọ mi. O ṣe dáadáa tó o sọ pé “àwọn kan”. Àwọn àbùùbùtán tí wọ́n ń fọkọ̀ gbé èèyàn lọ wò lójú òkun Cotonou láti nǹkan bí oṣù kẹjọ kò léyín lẹ́nu. Wọ́n ń kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Àwọn eléyín lọ̀rọ̀ kàn, dọ́fìn sì wà lára wọn.

Ọ̀fun kọ́ ni dọ́fìn fi ń ké ohùn ọdẹ yìí. Òkè orí ni ihò tó fi ń mí wà. Ní ìsàlẹ̀ ihò náà, awọ bí ètè wà nínú imú rẹ̀ tó ń gbá ara wọn bí afẹ́fẹ́ bá gba àárín wọn kọjá. Ohùn náà ì bá fọ́n ká bíi tìrẹ, àmọ́ orí rẹ̀ kò gbà. Wo tọ́ọ̀ṣì: àwo dídán wà lẹ́yìn gílóòbù, gíláàsì wà níwájú. Egungun agbárí dọ́fìn tó tẹ̀ kòtò àti àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ni àwo. Ohùn tó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, wọ́n á dá a padà síwájú. Ọ̀rá tó wú níwájú orí ni gíláàsì. Ohùn máa ń falẹ̀ láàárín ọ̀rá náà, ó sì máa ń yára létí rẹ̀. Bí ti etí bá ti ṣíwájú ti àárín, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ sínú, á sì para pọ̀ lọ sójú kan.

Èyí tó wù mí jù rèé: ẹranko náà lè yí bí ohùn náà ṣe fẹ̀ tó padà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìbátan dọ́fìn kékeré kan tó wà ní òkun Yúróòpù máa ń mú kí ohùn rẹ̀ fẹ̀ sí i bó bá kù díẹ̀ kó bá ẹja. Ẹja tó wà nítòsí lè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Ohùn tóóró kò ní rí i mọ́.

Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, ló ń gba ohùn tó padà wá lọ sí etí. Kò pẹ́ rárá: nǹkan bíi 1,500 mítà ni ohùn ń rìn nínú omi òkun ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́, kò ju bíi 340 lọ.

Òòbẹ̀ yín kò ní ọ̀rá iwájú orí yìí. Ọ̀fun ló fi ń ké, ohùn rẹ̀ sì ga kọjá èyí tí etí wa lè gbọ́. Ọdún 1938 ni Donald Griffin, onímọ̀ nípa ẹranko, fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń là. Àwọn mìíràn ń gba imú, awọ bí ewé tó yí imú wọn ká ló sì ń darí ohùn síwájú. Bí ọ̀kan bá já bọ́, wo imú rẹ̀ láti òkèèrè. Má fọwọ́ kàn án, torí ó lè ní àrùn dìgbòlugi.

Ní ti àdán ńlá tó ń bá yín jẹ mángòrò, kò mọ iṣẹ́ fífi ohùn ṣọdẹ yìí. Ojú àti imú lásán ló fi ń wá oúnjẹ lóru.