Ẹ̀wà Labalábá

Ìtàkùn kan wà nínú ìdílé ẹ̀wà tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ aró. Ẹ̀wà labalábá ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Linnaeus sọ ọ́ ní Clitoria ternatea ní ọdún 1753, tí ó fi orúkọ erékùṣù Ternate ní Indonesia kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gbìn ín sára ọgbà nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù wà.

Bí a bá rọra fa ọ̀kan tu, a ó rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Inú wọn ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ewéko. Bí a bá gé kókó náà, tí inú rẹ̀ sì pọ́n, iṣẹ́ ń lọ. Ilẹ̀ tí àgbàdo ti mú ṣá lè sàn lábẹ́ ìtàkùn yìí, pàápàá bí a bá ro ó, tí a sì bò ó mọ́ inú ebè kí ó tó so. Ẹni tí ó bá gé gbogbo rẹ̀ kó lọ kò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ fún oko.

Irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń gbìn ín tí kì í hù, tí wọ́n sì ń bá ẹni tí ó tà á jà. Kí a fi yanrìn ra á títí èèpo rẹ̀ yóò fi họ díẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí a sì gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kí ihò má ṣe jìn ju oríkèé ìka kan lọ.

Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ fẹ́ràn ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ́ dé ìdí.

Ní Kelantan ní Malaysia, omi òdòdó yìí ni a fi ń pa ìrẹsì láró. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, lójú kan náà ni yóò di elésè àlùkò. Kì í ṣe ẹgbẹ́ ewé èlú o. Lára aṣọ, ṣíṣá ni yóò ṣá.

Gbòǹgbò àti irúgbìn kì í ṣe oúnjẹ rárá, nítorí wọ́n a máa mú ènìyàn yàgbẹ́ gbuuru. Bẹ́ẹ̀ ni èso rẹ̀, bí ó bá gbẹ, a máa là fúnra rẹ̀, a sì fọ́n irúgbìn ká àgbàlá, níbi tí ọmọdé lè ṣì í pè ní ẹ̀wà. Kí a ká èso náà kí ó tó là, kí a sì gbé irúgbìn jìnnà sí ọwọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, tí inú rẹ̀ sì ń ṣí, kí a máa fún un ní omi mu díẹ̀díẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.