Kòkòrò Tó Ń Jobì

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Òwe yìí ni mo fi dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá kí mi ní Ugbowo, níbí ní Ìlú Bìní, ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Zanzibar. Wọ́n fẹ́ lọ fi awò tí omi kì í wọ̀ bo ojú àti imú, kí wọ́n ki ọ̀pá ìmí bọ ẹnu, kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí omi òkun, kí wọ́n máa wo ẹja aláràbarà nísàlẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja ekurá kò ní jẹ wá níbẹ̀?" Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí fídíò kan lórí fóònù, oorun òun kò já geere mọ́.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló mọ̀wẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gba oorun lójú wọn nìyẹn, kì í ṣe ekurá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹja náà sí àyè tirẹ̀. Ekurá, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkurákudà, ó lé ní irú 500 tó wà láyé, díẹ̀ nínú wọn ló sì ti ṣe èèyàn léṣe rí. Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń kó irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sí láti gbogbo àgbáyé. Ní 2024, ìgbà 47 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ekurá bu èèyàn jẹ láìjẹ́ pé èèyàn ló kọ́kọ́ tọ́ ọ. Èèyàn 4 ló kú nínú wọn. Gbogbo ayé ni mo wí o, kì í ṣe ìlú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ṣírò pé èèyàn bí 300,000 ló kú sómi ní 2021, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rù ekurá fi gba gbogbo àyà wa? Fíìmù wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní 1975 ni wọ́n gbé Jaws jáde láti inú ìwé tí Peter Benchley kọ, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò tẹ ẹsẹ̀ bọ òkun rí ti ń bá ekurá jà lójú oorun. Benchley fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá. Ọdún púpọ̀ ló fi ń bẹ aráyé pé kí wọ́n dẹ̀yìn lẹ́yìn ẹja náà, kó tó kú ní 2006. Ẹni tó di ẹrù yẹn ti sọ ọ́ kalẹ̀, àwa la ṣì ń rù ú. Bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn là ń pa ekurá ní àpalù, ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́dọọdún, nítorí lẹbẹ rẹ̀ àti ẹran rẹ̀.

Ojú tó rókun kò ní rọ́sà kó bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ojú tiwa níbí kò fi bẹ́ẹ̀ rókun. Odò Ikpoba tí à ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lọ sí Aduwawa, àti Odò Ogba, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Bìní mọ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ìlú ló bọ̀wọ̀ fún òkun bíi Bìní. Ẹ wo ojúbọ Olókun nínú ilé àwọn àgbà, bí wọ́n ṣe fi ẹfun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ring Road, kí ẹ wo ẹja àrọ̀ àti ọ̀nì nínú iṣẹ́ idẹ ayé àtijọ́. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, n kò ní bá ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ òbí a máa fi màmíwọ́tà dẹ́rù ba ọmọ kó má lọ sódò, wọn kò sì ní kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń léfòó lọ́jọ́ tí omi bá bá a nílé. Ìtàn Bìní fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ewu wà. Ọba Ehengbuda, alágbára ọba tó wà lórí oyè títí di nǹkan bí 1600, ojú omi ló kú sí nínú ìrìn àjò Èkó: ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Kì í ṣe ọ̀nì. Kì í ṣe ekurá. Omi àti afẹ́fẹ́ ni.

Èmi náà ti fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo wà nílé-ìwé gíga, a lọ ṣe fàájì ní etíkun kan ní Èkó. Omi kò ju orúnkún mi lọ. Ìgbì kan dé, ó padà, mo sì rí i pé iyanrìn ti kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Omi náà kò fà mí lọ sísàlẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ. Ó kàn ń gbé mi lọ sí agbami ni, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́. Mo kọjú sí èbúté, mo ń jà, ó sì rẹ̀ mí títí n kò lè gbé apá mọ́. Ọmọ apẹja kan ló fi okùn àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo yọ mí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí mo bá ti sùn fàyà sókè kí n jẹ́ kó gbé mi, tàbí kí n wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ní ìbú etíkun, ǹ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí omi apadàságbami kì í fẹ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri gbogbo kíláàsì ní orílẹ̀-èdè yìí.

Òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ, ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ bẹ́ẹ̀, bóyá kí n lè dẹ̀yìn lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni òwe náà, àmọ́ aláṣejù òmùwẹ̀ ló ń bá wí. Kò sọ pé kí aláìmọ̀wẹ̀ máa lọ.

Mo wá sọ ewu tó fara sin jù fún wọn. Ọ̀pá ìmí yẹn fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Èémí inú rẹ̀ a máa wúwo láti fà ju ti ìta lọ. Àwọn dókítà tó yẹ ikú àwọn tó ń wo ẹja báyìí wò ní Hawaii rí i pé ọ̀pọ̀ kò pariwo, wọn kò na ọwọ́ sókè. Bí èèyàn bá ń fi agbára fa èémí nínú ọ̀pá, omi ara lè rọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí okun tán nínú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò le tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí èémí bá ti ń ká ọ lára, dojú sókè, yọ awò àti ọ̀pá kúrò, pe ẹnì kejì rẹ, kí o jáde nínú omi. Má ṣe sọ pé kí n sinmi díẹ̀ ná.

Mo ní kí wọ́n gbé ohun èlò náà lọ sí odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì níbí, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí nínú rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn ti lè tẹlẹ̀. Ní Zanzibar, kí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó, kí ìtìjú má dí wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n má fẹnu kan ọtí ṣáájú. Kí wọ́n wọ bàtà omi, nítorí ẹranko roboto ẹlẹ́gùn-ún dúdú pọ̀ ní ìsàlẹ̀ omi ibẹ̀. Kí wọ́n bi àwọn ọlọ́kọ̀ léèrè ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń kọjá, torí orí ẹni tó dojú bolẹ̀ kì í hàn. Ní ti ekurá, kí wọ́n má wọ omi ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, tàbí níbi tí wọ́n ti ń la ẹja. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, kí wọ́n kọjú sí i, kí wọ́n má ṣe fẹsẹ̀ lu omi, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ padà sẹ́yìn. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Ṣé ohun tí a máa lọ rí tiẹ̀ tó gbogbo èyí?" Mo ní ó tó. Ẹni tó dàgbà ní Bìní mọ iyùn lọ́rùn ọba àti ìyàwó. Ìtàn sọ pé lọ́wọ́ Olókun ní Ughoton ni Ọba Ewuare ti gba iyùn. Abẹ́ omi gbígbóná Zanzibar ni ìbátan iyùn wà láàyè, kì í ṣe òkúta: ẹranko kéékèèké ni, wọ́n ń kọ́ ilé lórí ilé, ẹja sì ń wọlé jáde láàárín wọn. Má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má ṣe ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá ekurá kiri kò ní rí ẹwà yìí.

Wọ́n ti sún ìrìn àjò síwájú di oṣù mẹ́ta. Olùkọ́ kan ń kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé báyìí, ọkọ ti lè léfòó, ìyàwó ṣì ń di etí odò mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, kí owó olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ṣáájú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì ní ọmọ nílé, ẹ mú un dání.