Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Ẹ̀fọ́ Àsìkò Nínú Ìkòkò Ọbẹ̀ Wa

Nígbà tí a ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìfipamọ́ wọn ní ìpàdé tó kọjá, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sọ: "Akọ̀wé, owó ọbẹ̀ ló gbé e." Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín o, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí.

Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Òkè Ọya. Ó ba oko jẹ́ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. "Ebola tòmátì" ni àwọn èèyàn sọ ọ́. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 wá di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ṣùgbọ́n èmi takú nílé pé ọbẹ̀ ata ni mo fẹ́ máa jẹ. Oṣù méjì gbáko ni èmi akọ̀wé kò fi rí owó ìfipamọ́ san! Nígbà tó yá, ìyá ìyàwó mi dé láti Ìjẹ̀bú. Ó ṣí ìkòkò wò, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òjò ń rọ̀, ẹ̀fọ́ kún ọjà, tòmátì lẹ ń wá kiri?" Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mà, mo ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni ẹ̀kọ́ wa lónìí: ohun tí àsìkò bá mú wá ló máa ń pọ̀, òun ló máa ń tutù yọ̀yọ̀, òun náà ni owó rẹ̀ kì í ga ju agbára lọ.

1. Kí ni àsìkò ń mú wá?

Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre àti ilá máa ń pọ̀. Láàárín àsìkò yìí kan náà, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, ni tòmátì máa ń wọ́n. Ìdí ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya ń bomi rin tòmátì, tí wọ́n sì ń kórè rẹ̀ jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọ̀rọ̀ á yí padà: tòmátì á pọ̀, ẹ̀fọ́ á wọ́n, nítorí pé inú àkùrọ̀ àti ibi tí omi wà nìkan ló kù tí wọ́n ti ń gbìn ín. Ewúro ní tirẹ̀ kì í jáni kulẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí náà, ní ìgbà òjò, kí ẹ̀fọ́ jẹ́ olórí ọbẹ̀. Kí a tún rántí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀: bí ilá bá pọ̀, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ sá a sí oòrùn lórí aṣọ mímọ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Bó bá gbẹ tán, ẹ gún un, ó di orúnlá nìyẹn.

2. Bí a ṣe ń rà á

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Aswani máa ń kún, ọ̀pọ̀ wa kì í kúrò nídìí ọjà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mìíràn á ra ẹ̀fọ́ láàárọ̀, wọ́n á so ó mọ́ inú náílọ́nù, wọ́n á gbé e sábẹ́ igbá. Kó tó di alẹ́, ó ti hó, owó ti ṣòfò. Ìgbà tí ẹ bá ń relé ni kí ẹ rà á. Bó bá ní gbòǹgbò, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ omi díẹ̀, á di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé omi wo ni wọ́n fi rin ín. Omi gọ́tà kò dára fún ẹ̀fọ́. Ẹ tún béèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn kòkòrò sí i kẹ́yìn. Ihò kékeré lára ewé kì í ṣe àbùkù. Kòkòrò jẹ ẹ́ díẹ̀ ni.

3. Bí a ṣe ń sè é

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e. Bí a bá gé e tán kí a tó fọ̀ ọ́, èròjà aṣaralóore á bá omi lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta títí tí yanrìn ò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tó rọ̀ kò nílò bíbọ̀ pẹ̀lú káún. Káún máa ń ba fítámì C jẹ́, omi tí a bá sì fún dànù, owó wa ni. Gbúre ní omi tirẹ̀ nínú, ẹ má bu omi sí i rárá.

Ọbẹ̀ tí a fi rọ́pò tòmátì nílé mi nìyí: ìdì ṣọkọ mẹ́rin, ata rodo márùn-ún, àlùbọ́sà ńlá kan, irú ṣíbí kan, epo pupa ìdajì kọ́ọ̀bù, iyọ̀, àti pọ̀nmọ́ tàbí ẹja gbígbẹ. Ẹ gbé epo kaná, kó má jóná. Ẹ da àlùbọ́sà sí i, lẹ́yìn náà irú àti ata tí ẹ gún. Nígbà tí ata bá dín tán, kí pọ̀nmọ́ tàbí ẹja tẹ̀lé e. Ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Epo pupa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba oore inú ẹ̀fọ́.

4. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè fi àpò sìmẹ́ǹtì tàbí báfù tó ti lu ṣe oko. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa. Èyí tó tutù máa ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ti ewédú, ẹ kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó lè tètè hù. Gbúre, igi rẹ̀ ni kí ẹ gún sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ ó máa gé tẹ̀tẹ̀. Ẹ má fa á tu; bí ẹ bá gé e lókè, á tún rúwé.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

(a) Èló ni owó ọbẹ̀ yín lọ́sẹ̀, èló nínú rẹ̀ sì ni tòmátì?
(b) Ẹ̀fọ́ wo ló pọ̀ jù lọ́jà ní oṣù yìí?
(d) Ẹ̀yin bàbá, ta ló ń takú nílé yín?

Alájẹṣẹ́kù ni à ń jẹ́. Ẹni tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, kò sí ohun tó máa ṣẹ́kù tí yóò mú wá síwájú àpótí ẹgbẹ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dán an wò fún oṣù kan péré, kó kọ ohun tó ṣẹ́kù sínú ìwé, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi náà á mú tèmi wá.

Akọ̀wé yín