Ìfun Eèrà àti Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnì: Bí A Ṣe Ń Wá Orísun Jíjò Lára Ọkọ̀ Tó Ti Rìn Jìnnà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀ rí, nítorí pé ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì yóò tètè lóye èyí: bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta náà, omi a máa ṣàn gba ara rẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa rí omi ní ìdí àpáta tí yóò ní ìdí àpáta nìkan ni òjò rọ̀ sí. Lára ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì a máa tẹ̀lé ara irin láti òkè, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá a sì máa gbá a sẹ́yìn, títí yóò fi dé ibi tó rẹlẹ̀ jù, tí yóò ti máa kán tó, tó, tó. Mẹkáníìkì tó bá kàn nawọ́ sí ibi tó rin jù lọ, tó sì tú u, lè pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, kí olówó ọkọ̀ sì sanwó lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gúúsù Èkìtì, nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Adó sí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùrè, àwọn mìíràn sì ti dàgbà kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó rárá. Ó yẹ kí ẹni tó ra èyí tó ti Amẹ́ríkà wá rántí pé máìlì ni aago rẹ̀ ń kà, kì í ṣe kìlómítà, tó fi jẹ́ pé 150,000 tó wà lójú aago ti lé ní 240,000 kìlómítà. Bí irin ẹ́ńjìnì bá tilẹ̀ ṣì le koko, rọ́bà inú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń dí ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, àti ọ́ìlì síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń di ọ́ìlì mú níbi tí ọ̀pá tó ń yí ti yọ síta, ni ooru ń sè lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi gan, tí wọn yóò sì sán.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò ni tàbí ó ń jó, nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì, ìtọ́jú wọn sì jìnnà síra. Ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ ń dín kù, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ, tí èéfín tó dà bí aró ń jáde ní sàlẹ́ńsà rẹ̀, ń jó ọ́ìlì nínú ni. Camry 2.4 ti ọdún 2007 sí 2009, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Muscle, gbajúmọ̀ fún èyí nítorí àléébù òrùka píṣítìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń jò, páálí mímọ́ tí a tẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnì di òwúrọ̀ yóò jẹ́rìí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì a máa pọ́n bí oyin tàbí kí ó dúdú, ọ́ìlì jíà aládàáṣiṣẹ́ a máa pupa, omi rédíétọ̀ a sì máa ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ òdòdó, kò sì ní yọ̀ lọ́wọ́ bí ọ́ìlì.

Géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fà yọ láti wo ìwọ̀n ọ́ìlì, ni ó yẹ kí a wò tẹ̀lé e. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, èyí tí ó gba wíwá díẹ̀ ní ìlú olókè bí Ìkẹ́rẹ́, kí a sì ti pa ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Láti àmì ìsàlẹ̀ dé àmì òkè, nǹkan bíi lítà kan ni lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Bí iná pupa alágolo ọ́ìlì bá tàn lójú pátákó nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kí awakọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ àárín igbó ni ó wà. Kìlómítà díẹ̀ tí ó bá fi rìn sí i lè sọ ẹ́ńjìnì di àlòkù irin.

Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń fò, tí ó sì jẹ́ òpó gbogbo rẹ̀, ni fífọ ẹ́ńjìnì. Eruku pupa ọ̀nà oko máa ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì títí yóò fi di ẹrẹ̀ tó nípọn, kò sì sí ojú tó lè rí orísun lábẹ́ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ́ńjìnì tutù, kí a fi ọ̀rá di ọ́tánétọ̀ àti àwọn ojú wáyà, kí a fi ọṣẹ tó ń já ọ̀rá àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a sì fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣàn án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí ìtapàrà kan ṣoṣo tó láti jó ọkọ̀ àti ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá gbẹ, kí a fọ́n pàúdà funfun sí àwọn ibi tí a fura sí, kí a wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì tan iná wò ó: ọ́ìlì tuntun yóò la ipa sára pàúdà, ibi tí ipa náà ti bẹ̀rẹ̀ lókè ni ojú ọgbẹ́.

Láti òkè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù kọ́fà, ìyẹn ti ìdérí orí ẹ́ńjìnì níbi tí a ti ń da ọ́ìlì sí, ló sábà máa ń kọ́kọ́ gan, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ó bá ń jò ní igun ẹ̀yìn, ọ́ìlì yóò gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì wá sí ibi tí ẹ́ńjìnì àti jíà ti so pọ̀, yóò sì jọ pé síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ni ó bàjẹ́. Kíráńkì ni ọ̀pá ńlá tí gbogbo píṣítìnì ń yí. Síìlì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣeé dé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àyàfi tí a bá sọ jíà kalẹ̀. Ìyàtọ̀ owó iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ gan-an, nítorí náà kò yẹ kí olówó ọkọ̀ gbà kí a sọ jíà kalẹ̀ láìjẹ́ pé a ti nu òkè, tí a sì ti rí i pé ó gbẹ. Láti ibẹ̀, kí a wo súwíìṣì tó ń wọn agbára ọ́ìlì, kí a wo fílítà bóyá rọ́bà ti àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ tí a fi gbé tuntun lé e, kí a wo síìlì iwájú kíráńkì lẹ́yìn púlì, kí a tó wá wo nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì nù lábẹ́.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà mìíràn, síìlì kọ́ ni àrùn, ìfúnpá inú ẹ́ńjìnì ni. Fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní PCV, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń há sínú ẹ́ńjìnì rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ̀gbin bá dí i, afẹ́fẹ́ náà yóò máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀. Lára èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú, a lè yọ ọ́ kí a mì ín létí: tó bá ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, ó ṣì dára, tó bá dákẹ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó ra síìlì kankan. Bí fáàfù bá dára, síbẹ̀ tí èéfín ń fẹ́ gidigidi jáde ní ojú ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí, òrùka píṣítìnì ti jẹ nìyẹn, síìlì tuntun kò sì ní pẹ́ kí ó tún tó jò.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, ìyẹn àtè tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí ojú ibi tó ń jò, kò yẹ kí a gbójú fò ó. Gọ́ọ̀mù tí a kàn rẹ́ sí ìta ibi tó ń jò kò wo ohunkóhun sàn, èyí tí a sì kó sínú jù lè já bọ́ sínú sọ́ḿpù, ìyẹn àwo ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń dúró sí, kí ó dí ẹnu àṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń fa ọ́ìlì mu. Fífún nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù kọ́fà jù náà kò dára, nítorí ó ń tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun pa, ó sì lè sán ìdérí fúnra rẹ̀.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé síìlì ẹ̀yìn kíráńkì ni lóòótọ́, kí olówó ọkọ̀ bá mẹkáníìkì sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, níwọ̀n ìgbà tí jíà yóò wà nílẹ̀, kí ó pààrọ̀ síìlì iwájú jíà pẹ̀lú, kí ó sì yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò bí jíà ọkọ̀ náà bá jẹ́ aláfọwọ́yí. Lẹ́yìn náà, kí a tún tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì máa fa géèjì yọ wò láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbóná.